Bọ́ọ̀dù onírù ẹja fún ìgbì kékeré: bí a ṣe gé e, bí a ṣe yan lẹbẹ rẹ̀, àti ohun tí a tún ṣe lẹ́yìn tó wọ omi

Bọ́ọ̀dù yìí, irú èyí tí èèyàn ń dúró lé lórí láti gun ìgbì òkun (surfboard), gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 173. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53.3 níbi tó ti fẹ̀ jù, ó nípọn ní 6.7, àyè inú rẹ̀ sì tó lítà 35. Tarkwa Bay l'Ékòó, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ni a ṣe é fún. Ẹni tó máa gùn ún wọn kílò 70. Láti ibí lọ, mìlímítà ni a óò máa fi ka ìwọ̀n kékeré, nítorí ìdá íǹṣì ló sábà máa ń da iṣẹ́ rú tí èèyàn méjì bá jọ ń wọn nǹkan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe bọ́ọ̀dù nílé máa ń ná gbogbo làákàyè wọn sórí bí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù ṣe máa rí, wọ́n á wá fi lẹbẹ, ìyẹn ohun tó yọ lábẹ́ ìrù bọ́ọ̀dù bíi ti ẹja, sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn bí ẹni ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Bọ́ọ̀dù tó lẹ́wà tí kò sì ṣeé yí lójú omi, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ìrù, rọ́kà (bí bọ́ọ̀dù ṣe tẹ̀) àti lẹbẹ ni a jọ pinnu lẹ́ẹ̀kan náà, lórí bébà, kí ohunkóhun tó kan fóòmù.

1. Ìpinnu

Ìgbì tí a ní lọ́kàn ni èyí tó ga dé ìbàdí tàbí àyà, tí ojú rẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbì tó ń ti gúúsù Àtìláńtíìkì wá máa ń lágbára ju báyìí lọ ní etíkun wa. Oṣù yòókù ni bọ́ọ̀dù yìí wà fún. Ìgbì rírọ̀ kì í ti èèyàn. Bọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe máa sáré lọ níbi tí agbára ìgbì bá ti rẹlẹ̀. Kí abẹ́ rẹ̀ má tẹ̀ jù, kí ìrù rẹ̀ fẹ̀, kí lẹbẹ rẹ̀ má sì fa omi: iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Rọ́kà ni bí imú àti ìrù ṣe gbé sókè tí ẹ bá tẹ́ bọ́ọ̀dù sórí ilẹ̀ gbọọrọ. Bọ́ọ̀dù tínrín onílẹbẹ mẹ́ta máa ń ní nǹkan bíi 125 ní imú àti 60 ní ìrù. A fi tiwa sí 105 ní imú, 45 ní ìrù. Tí ẹ bá dín ti ìrù kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ọ̀dù á yára, ṣùgbọ́n yóò máa fi imú gún omi nígbà tí ìgbì bá le lójijì.

Ìrù ẹja ni a yàn: ìrù fífẹ̀ tí a gé àárín rẹ̀ wọlé, tó fi di ẹ̀ka méjì. Steve Lis ní San Diego, Kalifọ́níà, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1967, ìkúnlẹ̀ ló sì fi ń gun ìgbì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé tí bọ́ọ̀dù bá dúró pẹlẹbẹ, gbogbo fífẹ̀ ìrù ló ń gbé èèyàn; tí ẹ bá sì fi ara tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló wọ omi, ó sì di ìrù tóóró. Tiwa fi sẹ̀ǹtímítà 26.5 jìnnà láti ṣóńṣó ẹ̀ka kan sí èkejì, gígé àárín sì wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 12.

Níbí ni ọ̀rọ̀ lẹbẹ ti wọlé. Láti ìgbà tí Simon Anderson ti Ọsirélíà ti gbé lẹbẹ mẹ́ta jáde ní 1980, tó sì fi gba ìdíje gígun ìgbì ti Bells Beach ní 1981, lẹbẹ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rò. Lórí bọ́ọ̀dù lásán, ẹ̀yìn lẹbẹ àárín máa ń wà ní nǹkan bíi 90 mìlímítà sí òpin ìrù. Lórí tiwa, ihò ni ó wà níbẹ̀, nítorí a ti gé 120 wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lẹbẹ mẹ́ta gbọ́dọ̀ gé ìrù rẹ̀ wọlé díẹ̀ péré, ó sì ti ba ohun tó mú kí ìrù ẹja ṣiṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Lẹbẹ mẹ́rin ṣeé ṣe: ẹ̀yìn méjì iwájú ní nǹkan bíi 280 sí ìrù, méjì ẹ̀yìn ní 140. Ó ń di omi mú dáadáa nínú ìgbì ńlá, ṣùgbọ́n lẹbẹ mẹ́rin ni ẹ máa gbẹ́, ẹ máa lẹ̀, ẹ máa yọ́. A yan lẹbẹ méjì onídìí gígùn, irú èyí tí Lis fi bẹ̀rẹ̀.

2. Ohun èlò

Fóòmù funfun ni, irú èyí tí àwọn akọ́lé fi ń ṣe ọnà sára òpó àti etí fèrèsé. Ẹ ra odindi bùlọ́ọ̀kù, 180 × 58 × 18 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n. Hóró rẹ̀ tóbi, yóò máa já wẹ́wẹ́ lábẹ́ sáńpépà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé bùlọ́ọ̀kù sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó jẹ́ 100 × 50 × 20 sẹ̀ǹtímítà yẹ kó wọn kílò 2, ìyẹn kílò 20 nínú kúbíìkì mítà kan. Tó bá jẹ́ kílò 1 àti díẹ̀, yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ yín á ṣe kòtò sórí rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Epoxy, résìn olómi tó ń gan bí a bá po hádínà mọ́ ọn: kílò 3 pẹ̀lú hádínà rẹ̀. Kì í ṣe résìn tí àwọn tó ń ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ ń lò. Ìyẹn, pẹ̀lú òórùn rẹ̀ tó ń ta imú, máa ń jẹ fóòmù funfun run lójú ẹsẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sórí àjákù fóòmù, ẹ óò rí i tó ń rì wọlé. Epoxy tí wọ́n fi ń da tábìlì oníṣẹ́-ọnà náà kò yẹ fún aṣọ fáíbà, nítorí a ṣe é fún dídà nípọn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gan.

Aṣọ fáíbà híhun, gíráàmù 200 nínú mítà onígun mẹ́rin, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75: mítà 6, kí ẹ fi ààbọ̀ mítà lé e fún lẹbẹ. Èyí tó rí jágajàga tí a kò hun, tí wọ́n fi ń ṣe táǹkì omi, máa ń mu epoxy ní ìlọ́po méjì, ó sì wúwo.

Yòókù: pákó arère tó nípọn ní 5 fún eegun àárín (igi tó máa la àárín bọ́ọ̀dù já ní gígùn), plywood 12 ti ọlọ́kọ̀ ojú omi fún lẹbẹ, òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, sáńpépà 60, 80, 120, 220 àti 400, tépù àwọn pẹ́ńtà, ìbọ̀wọ́ róbà, ìbòmú tó ní asẹ́ fún gáàsì (kì í ṣe ti aṣọ), àti káàdì ike pẹlẹbẹ láti fi fa epoxy. Epoxy ló jẹ owó jù, ó sún mọ́ ìdajì gbogbo ìnáwó. Aṣọ fáíbà ló tẹ̀lé e. Fóòmù kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí náà bí ẹ bá gé e ṣìṣe, ẹ ju ú nù, ẹ ra òmíràn. Kò sí epoxy tó máa tún fóòmù wíwọ́ ṣe.

3. Wáyà gbígbóná

Témpílétì rọ́kà méjì la fi plywood gé, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bùlọ́ọ̀kù. Etí wọn gbọ́dọ̀ dán; ibi tí témpílétì bá ti ní gbùn-ún, wáyà á dúró níbẹ̀, yóò sì jẹ fóòmù wọlé. Wáyà inú rìǹgì ìdáná oníná la nà sórí pákó tó tẹ̀ bí ọrun, pẹ̀lú sípíríǹgì ní ìdí kan. Sípíríǹgì yẹn kì í ṣe fáàrí. Wáyà máa ń gùn sí i tó bá gbóná, tí kò bá sì sí ohun tó ń fà á, yóò sọ̀ ní àárín, àárín bọ́ọ̀dù á sì wá yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ṣájà bátìrì ọkọ̀, fólítì 12, la fi gbé iná sí i. Ẹ má so ó mọ́ iná NEPA tààrà láéláé. Tí wáyà bá pọ́n, ó ti gbóná jù, ẹ dín in kù. Èèyàn méjì ló ń fà á, ọ̀kan ń ka nọ́ńbà tí a kọ sára témpílétì, èkejì ń tẹ̀lé e, kí wọ́n lè máa rìn dọ́gba. Ẹ ṣe é níta gbangba. Èéfín fóòmù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn náà a la bùlọ́ọ̀kù sí méjì ní gígùn, a fi témpílétì kan náà gé arère, a sì fi epoxy lẹ̀ ẹ́ sáàárín. Gúlù funfun àwọn káfíńtà kò ní gbẹ láàárín fóòmù, torí atẹ́gùn kò ráyè dé ibẹ̀. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn lábẹ́ ìfági, ṣùgbọ́n omi kì í pẹ́ ba á jẹ́. Gbogbo ibi tó bá yọjú sí ni fáíbà gbọ́dọ̀ bò.

4. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù

Ojú ibi tó fẹ̀ jù wà ní 50 mìlímítà síwájú àárín gbùngbùn. Ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí imú, bọ́ọ̀dù fẹ̀ ní 41. Ní 30 sí ìrù, 41.5. Ìdajì ni a yà sórí plywood tínrín, a sì yí i padà kọ ìdajì kejì, kí ọ̀tún àti òsì lè jẹ́ ìkan náà. Ayùn la fi gé e, 3 mìlímítà síta ilà, a wá fi pákó gígùn tí a lẹ sáńpépà 60 mọ́ yọ ìyókù. Sáńpépà ọwọ́ lásán máa ń tẹ̀lé kòtò. Pákó gígùn ló ń fò ó kọjá.

Ibi gígé àárín ìrù ni kí ẹ fi sí ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì yí ìdí rẹ̀ ká díẹ̀, kó má mú ṣóńṣó. Aṣọ fáíbà kì í lè wọ igun mímú. Afẹ́fẹ́ máa ń sápamọ́ síbẹ̀, omi á sì tẹ̀lé e.

5. Etí àti abẹ́

Lórí bọ́ọ̀dù, a fa ilà méjì yí i ká, ọ̀kan ní 45, èkejì ní 90 láti etí. Lára etí fúnra rẹ̀, ilà kan ní 20 sókè láti abẹ́. A gé pẹlẹbẹ láti 45 wá sí ilà etí, lẹ́yìn náà láti 90 wá sí àárín gígé àkọ́kọ́. Igun tó kù ni a fi sáńpépà oníhò, irú tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, yí rọ̀bọ̀tọ̀.

Etí iwájú rọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Láti bíi 350 mìlímítà sí ìrù, igun abẹ́ gbọ́dọ̀ mú, kí omi lè já kúrò lára bọ́ọ̀dù dípò kó máa yí gun etí. Fóòmù funfun kì í di igun mímú mú. Ẹ fi í sílẹ̀ ní yíyí díẹ̀, kí ẹ wá fi epoxy kọ́ igun náà ní ìpele 9.

Abẹ́ tẹ́jú pátápátá, àfi láàárín lẹbẹ méjèèjì, níbi tí eegun àárín ti yọ ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní 3 mìlímítà. Ìyẹn ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù fífẹ̀ rọrùn láti ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì.

Ẹ ṣọ́ eegun àárín. Sáńpépà ń jẹ fóòmù kíákíá, kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi, nítorí náà bí ẹ ṣe ń yọ́ ọ ni igi á máa ga sí i. Ìfági kékeré ni kí ẹ fi sọ igi kalẹ̀ dọ́gba fóòmù, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí òpin.

6. Lẹbẹ

Ìdí 215, gíga 125, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn tó fi kọjá ìdí ní 20. Mẹ́ta nínú nọ́ńbà lẹbẹ ló yẹ kí ẹ dì mú. Ìdí gígùn ló ń fúnni ní eré nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́ọ̀dù. Gíga ló ń dì í mú kó má yọ̀. Títẹ̀ sẹ́yìn ló ń mú kí yíyí fẹ̀. Lẹbẹ tó bá dúró ṣánṣán máa ń yí ní kọ́ńkọ́. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ọ̀kan, ẹ máa san án fún òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fisíìsì mọ níbẹ̀.

A lẹ plywood méjì pọ̀ pẹ̀lú tépù alátè méjì, a sì gé wọn papọ̀ kí wọ́n lè dọ́gba. Kí ẹ tó tú wọn ká, ẹ kọ «ÒSÌ, ÌTA» sára ọ̀kan, «Ọ̀TÚN, ÌTA» sára èkejì. Inú lẹbẹ tẹ́jú, ìta nìkan ló yọ ikùn, tí ẹ kò bá sì kọ ọ́, ó rọrùn láti gbẹ́ òsì méjì.

Ibi tó nípọn jù wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti iwájú, bíi 70 mìlímítà ní ìdí. Láti ibẹ̀, ó ń ro lọ sí etí iwájú tó yí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí etí ẹ̀yìn, tí a fi sílẹ̀ ní 2. Gíráńdà tó ní díìsìkì sáńpépà 60 la fi gé púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ la fi parí rẹ̀.

Plywood ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ìpele igi inú rẹ̀, dúdú àti funfun, máa ń jáde bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì di ilà tó ń yí lẹbẹ ká. Tí gígbẹ́ yín bá dọ́gba, àwọn ilà náà á máa bára wọn lọ láìtẹ̀. Ibi tí ilà kan bá ti yà sí ìhà etí lẹbẹ, ibẹ̀ ga sókè jù; ibi tó bá ti yà kúrò ní etí, kòtò wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti fún mọ́ èkejì, ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ jù. Ẹ tẹ́ lẹbẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ilà ọ̀kan wé ti èkejì. Ojú lásán ń rí ìyàtọ̀ tí òṣùwọ̀n kò lè mú.

Lẹ́yìn èyí, aṣọ fáíbà kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, kó yọ síta ní 15 yí etí ká. A fa fọ́nrán fáíbà tí a ti rẹ sínú epoxy yí etí náà, kó lè di okùn dídì níta igi. Nígbà tó gan, a gé e, a sì yọ́ ọ. Ohun tó ń lu òkúta àti iyanrìn nísinsìnyí ni epoxy, kì í ṣe igi. Lẹbẹ plywood tí kò ní okùn yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kọlu ilẹ̀ ni etí rẹ̀ á ṣí, omi á wọ inú rẹ̀, ìpele rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

7. Aṣọ fáíbà

Fóòmù funfun kún fún afẹ́fẹ́ láàárín hóró rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń gbóná sí i nígbà tí epoxy kò tíì gan, afẹ́fẹ́ náà á wú, yóò sì ti ara rẹ̀ jáde láti abẹ́ aṣọ, ẹ óò sì rí ọgọ́rùn-ún ihò bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe é láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ń gòkè. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sínú yàrá láti ọ̀sán, kó gbóná bí yàrá ṣe gbóná, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ooru ń rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa súnkì, yóò sì máa fa epoxy wọlé ni. Nínú gbogbo ìkìlọ̀ inú àkọsílẹ̀ yìí, èyí ló ń gba bọ́ọ̀dù là jù.

Kí aṣọ tó dé orí rẹ̀, a fi pútì fífúyẹ́ tí a po mọ́ omi nu gbogbo ara fóòmù, a jẹ́ kó gbẹ, a sì fi sáńpépà 120 yọ́ ọ. Ó ń dí ààyè àárín hóró, kí epoxy má bàa rì sínú wọn kó sì di ẹrù.

Epoxy tiwa ń fẹ́ ìpín méjì sí ọ̀kan, ní ìwọ̀n àyè, kì í ṣe ní ìwọ̀n kílò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù, torí hádínà fúyẹ́ ju epoxy lọ, ìwọ̀n méjèèjì kò sì jọra. Tí hádínà bá dín tàbí pọ̀ jù, yóò máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí ayé. Fífi hádínà kún un lẹ́yìn náà kì í tún un ṣe. Fífá kúrò ni.

Abẹ́ ló ṣáájú: aṣọ kan, gíráàmù 300. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ máa fá ẹ̀gbẹ́ ike, kí ẹ sì dà á sórí bọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ike nínú ooru wa, yóò gbóná fúnra rẹ̀, yóò sì yọ èéfín kí ẹ tó dé ìrù. Ẹ fi káàdì fà á láti eegun àárín lọ sí etí. Aṣọ tó mu epoxy tó máa ń fara hàn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Tó bá ń dán, ó ti pọ̀ jù, ẹ fà á kúrò. Aṣọ tó yọ síta ni a ṣẹ́ sórí bọ́ọ̀dù ní 50.

Lọ́jọ́ kejì, orí bọ́ọ̀dù: aṣọ méjì, pẹ̀lú ẹ̀yà kẹta kékeré tí a gé nínú àjẹkù síbi tí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn máa ń tẹ̀. Gíráàmù 500, ní ike méjì. Lórí gbogbo epoxy tó bá gan nínú ọ̀rinrin Èkó ni ọ̀rá tín-ín-rín kan máa ń jókòó sí, tí ojú kì í rí. Omi àti kànìnkànìn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí sáńpépà tó kàn án. Tí ẹ bá fi sáńpépà lé e, ẹ ti tì í wọlé nìyẹn, ohun tí ẹ bá kùn lé e á máa sá kúrò níbẹ̀ yóò sì ṣe ojú ihò.

8. Dídúró lẹbẹ

A fi sáńpépà 80 ha ojú abẹ́. Ẹ̀yìn lẹbẹ kọ̀ọ̀kan wà ní 140 sí ṣóńṣó ìrù. Láti àárín eegun, 145 ní ẹ̀yìn lẹbẹ, 142 ní iwájú. Ìyàtọ̀ 3 yẹn ni dídojú kọ imú; àwọn àgbà iṣẹ́ onírù ẹja máa ń fi í sí òdo, tí lẹbẹ á máa bá eegun lọ gbọọrọ. Òdo yára jù ní ìlà tààrà. A fi 3 sí i kó lè gbà láti yí nínú ìgbì kúkúrú. Tó bá ti kọjá 6 lórí ìdí tó gùn báyìí, lẹbẹ méjèèjì á máa ti omi sí àárín, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n bí ẹni pé ẹnìkan ń fa bọ́ọ̀dù sẹ́yìn.

Títẹ̀ síta jẹ́ dígírì 3. Páálí tí a gé ní dígírì 93 la fi gbé e dúró: ẹ gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú, kí ojú títẹ́jú lẹbẹ fara tì í láìsí àlàfo.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ìrù nìkan fún wíwọn. Tí ẹ̀ka kan bá gùn ju èkejì lọ ní mìlímítà díẹ̀, lẹbẹ kan á wà níwájú èkejì. Ẹ na tépù láti ṣóńṣó imú dé iwájú lẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ.

Epoxy onítúùbù méjì tó ń gan kíákíá, ẹ̀kán díẹ̀ péré, ló dì í mú. Tépù mẹ́ta láti orí lẹbẹ wá sílẹ̀ ló ń mú un dúró. Nígbà tó le, a fi fọ́nrán fáíbà tó kún fún epoxy sí ìdí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì fi ìka nínú ìbọ̀wọ́ fà á kó rí kọrọdọ. Lórí rẹ̀, aṣọ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan bọ́ sórí bọ́ọ̀dù ní 50, èkejì ní 75, tí a gé kí fọ́nrán wọn dábùú. Tí aṣọ méjèèjì bá parí sójú kan, ibẹ̀ ni yóò ti ya.

9. Ìkùn àti yíyọ́

Gíráàmù 250 sí ojú kọ̀ọ̀kan, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ la fi kùn ún. Fún igun mímú ìrù, a na tépù yí etí ká, kó ga ju abẹ́ lọ ní 4, kí epoxy lè kóra jọ síbẹ̀. Nígbà tó gan, a yọ tépù, a sì fi pákó àti sáńpépà 120 sọ ọ́ di igun. Lẹ́yìn náà 220, 400 pẹ̀lú omi. Tí ẹ bá rí ojú aṣọ, ẹ dúró. Aṣọ tí ẹ gé kò ní agbára mọ́.

Gbogbo rẹ̀ wọn kílò 3.3, lẹbẹ wà nínú rẹ̀.

10. Nínú omi, àti àtúnṣe

Eré rẹ̀ pé bí a ṣe rò. Ó ń kọjá ibi rírọ̀ láìjẹ́ kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ tì í. Yíyí ló le, pàápàá sí ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún. Ìrù kò fẹ́ tú. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá le báyìí, nǹkan mẹ́ta ló lè fà á: ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ibi tí lẹbẹ wà, tàbí gíga lẹbẹ. Àkọ́kọ́ kò ná owó kankan, òun ni a yẹ̀ wò. Nígbà tí ẹsẹ̀ ti wà lókè ìdí lẹbẹ tí kò sì yí padà, ó ku méjì. Láti gbé lẹbẹ kúrò, gíráńdà á jẹ dé abẹ́ aṣọ. Gíga ṣeé dín kù pẹ̀lú ayùn irin.

A gé orí lẹbẹ méjèèjì láti 125 sí 113, a tún orí rẹ̀ yí, a tún un gbẹ́ tín-ín-rín, a sì tún okùn epoxy ṣe níbi tí igi ti yọjú. Fún ẹni tó wọn kílò 70, 125 ti pọ̀ jù. Fún ẹni kílò 85, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún gígùn bọ́ọ̀dù. Ìrù ń tú wàyí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì ń padà dì mú lẹ́yìn náà.

Lẹbẹ òsì ń dún hùùù nígbà tí eré bá pọ̀. Etí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ní 1.8 níbì kan, 1.2 níbòmíràn. Sáńpépà 220 láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí gbogbo rẹ̀ fi tó bíi 1.2, ìró náà sì dákẹ́.

Bọ́ọ̀dù fóòmù funfun kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí a ti pa lójú oòrùn, kò sì yẹ ká kùn ún dúdú. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, aṣọ á sì ṣí kúrò lára fóòmù. Tó bá là, ẹ má tún inú omi wọ̀ kí ẹ tó fi tépù dí i. Ẹ gbé e dúró kí ojú ọgbẹ́ náà wà nísàlẹ̀, kí omi lè sun jáde, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ìgbà tí òṣùwọ̀n bá padà sí kílò 3.3 ni kí ẹ tó fi epoxy dí i.